Inú Èènì Ni Mo Ti Ń Jẹun

Ìyá tí mo máa ń ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjà Ọba sọ gbólóhùn kan fún mi ní oṣù kẹfà ọdún 2024, gbólóhùn náà kò sì jẹ́ kí n sinmi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kọ́ńgò mẹ́rin ni mo rà. Ó wọ̀n ọ́n bó ṣe máa ń wọ̀n ọ́n: ó bù ú kún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ orí rẹ̀, ó dà á sínú àpò mi, ó tún bu òmíràn. Nígbà tó wọn ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tán, ó gbé kọ́ńgò kalẹ̀, ó na ọwọ́ kí n sanwó. Èmi ò tíì pa ẹnu àpò dé. Mo yà á sílẹ̀, mo dúró. Ìyá náà dúró.

Ẹ mọ ohun tí mo ń retí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń ra gàrí níbẹ̀, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí kò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ìgbà mìíràn méjì bí mo bá mú ọmọ dání. Mo ní, "Ìyá, èènì mi ńkọ́?"

Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, inú èènì ni mo ti ń jẹun báyìí."

Mo sanwó, mo wọ kórópe, mo lọ. Kọ́ńgò kan ti di 1,400 náírà lọ́jọ́ náà, ìyẹn sì ti ń dùn mí kí n tó kúrò nílé. Àmọ́ kì í ṣe 1,400 ló ń bá mi sùn tó ń bá mi jí. Gbólóhùn ìyá yẹn ni. Bí mo bá ń gé bébà lórí ẹ̀rọ, màá gbọ́ ọ. Bí mo bá ń ka owó lálẹ́, màá gbọ́ ọ.

Ó yé mi jù ni. Èmi náà ń tajà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan nítòsí Ọláìyá: káàdì ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, fọ́tòkọ́pì. A kì í gbin bébà ní Òṣogbo. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa dá iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 470 náírà ni dọ́là kan nínú ìwé ìjọba. Lẹ́yìn ọdún kan ó ti wà ní àdúgbò 1,500. Ẹ wá ronú ohun tí ríìmù bébà kan dà. Mo gbé owó fọ́tòkọ́pì sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wò mí bí ẹni tó jí nǹkan wọn.

Èènì wà nínú iṣẹ́ tiwa náà. Ẹni tó bá tẹ ọgọ́rùn-ún káàdì, mo máa ń fi márùn-ún lé e. Bí mo bá fún un ní márùn-ún tán, yóò ní kí n sọ ọ́ di mẹ́wàá, màá pariwo, màá sọ ọ́ di méje. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mi ò lè sọ ọjọ́ tí mo dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìgbà tí ìyá onígàrí sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé mo ti dáwọ́ rẹ̀ dúró.

## Ìyá méjì, káàdì méjì

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù keje. Obìnrin kan wọlé, ó ká agbòòrùn rẹ̀, mo sì ti mọ̀ láti ara aṣọ rẹ̀ pé kì í gbé àárín wa. Àǹkárá gidi ni, wọ́n rán an bí wọ́n ṣe ń rán an ní Àbíjàn. Ará Ẹ̀jìgbò ni. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀jìgbò kò ní béèrè àlàyé: ìlú tí sẹ̀fà, owó àwọn ará Kódífuà, ti ń ná nínú ọjà bíi náírà, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ní ọmọ kan, ó kéré tán, ní Kódífuà.

Ìyá rẹ̀ ló kú. Ó fẹ́ igba ìwé ètò ìsìnkú, olójú ewé méjìlá, kọ́lọ̀ látòkè délẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: 1,200 náírà ni ẹyọ kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 240,000. Ojú tì mí láti pe iye náà lẹ́nu. Mo ti to àwíjàre sílẹ̀, bébà, yíńkì, epo jẹnẹrétọ̀, àwọn nǹkan tí gbogbo wa ń tò lójoojúmọ́. Kí n tó yanu, ó ti tẹ fóònù rẹ̀. Ó ní, "Kò tilẹ̀ pé 100,000 sẹ̀fà. Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn?"

Kò ná an rárá. Ó fi owó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé inú mi dùn débi pé n kò dúró kó béèrè. Mo ní, "Mà, mo fi mẹ́wàá ṣe èènì fún yín." Ó ní ẹ ṣé, ó sì jókòó kí òjò dá.

Òjò yẹn náà ló ti bàbá kan wọlé. Fìlà rẹ̀ tutù rin. Káfíńtà ni, láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo mọ̀ ọ́n lójú. Ìyá tirẹ̀ náà ló kú. Ọjọ́ kẹjọ ti ń bọ̀, ó fẹ́ àádọ́ta káàdì pélébé fún fídáù. Mo ní ẹyọ kan jẹ́ 150, gbogbo rẹ̀ 7,500. Ó ní kí n ṣàánú. Mo gbà á ní 7,000. Ó dákẹ́, ó wo ilẹ̀, ó béèrè pé tí òun bá ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ńkọ́? Mo ní iṣẹ́ kékeré ń wọ́n ju iṣẹ́ ńlá lọ, ẹyọ kan yóò di 200. Ó dákẹ́ sí i. Ó wá ní, "Ó dáa, kó jẹ́ àádọ́ta náà. Ẹ óò ṣáà fi èènì sí i?"

Mi ò ronú. Ẹnu mi ló sọ ọ́: "Bàbá, inú èènì la ti ń jẹun báyìí."

Kí n tó pa ẹnu dé ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá onígàrí nínú ohùn ara mi. Obìnrin Ẹ̀jìgbò yẹn gbójú kúrò lórí fóònù, ó wò mí, ó wo bàbá náà, ó padà sórí fóònù rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àgbà fi ń gbé ara rẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti fẹ́ dójú tì í. Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ bá àwọn àbúrò òun sọ ọ́. Ó bọ́ sínú òjò. Kò padà wá.

Lálẹ́ ni mo ṣe ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe lọ́sàn-án. Mẹ́wàá tí mo fi ṣe èènì fún obìnrin yẹn, ní 1,200 ẹyọ kan, 12,000 náírà ni. Gbogbo iṣẹ́ bàbá káfíńtà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 7,000. Èènì tí mo fún ẹni tí kò béèrè ju odidi iṣẹ́ ẹni tó bẹ̀ mí lọ.

Mi ò fi èyí bú obìnrin náà. Kí òjò tó dá, òun fúnra rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n má rò pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye sẹ̀fà sí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ tó kú yìí, aláṣọ ni, ó sunkún mọ́jú, nítorí wọ́n sùn pẹ̀lú owó, wọ́n jí pẹ̀lú ààbọ̀ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tiwa já lẹ́ẹ̀kan," ó ní, "ó sì dúró. A mọ ibi tí ilẹ̀ wà." Òótọ́ ni. Wọ́n so sẹ̀fà mọ́ yúrò ti ilẹ̀ Yúróòpù ní 1999, yúrò kan sì jẹ́ 655.957 sẹ̀fà títí dòní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, sẹ̀fà kan kò tó náírà kan nínú ìṣirò ìjọba. Ní ọ̀sán ọjọ́ òjò yẹn, ó ti ju náírà méjì lọ. Kò sí ohun tí obìnrin náà ṣe tó fi lówó sí i lójú wa. Àwa la rìn sẹ́yìn, òun dúró sójú kan.

Orí tábìlì kan náà, láàárín ìdajì wákàtí: ẹnì kan ní "ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn," ẹnì kejì bọ́ sínú òjò.

## Aláǹgbá tí inú ń run

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìṣirò àwọn ìlú mìíràn wò, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bá òun ṣọ̀fọ̀. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, NBS, ní ọ̀wọ́n gógó oúnjẹ dé ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹfà ọdún 2024 yẹn. Mo wo ti gbogbo ọjà lápapọ̀ ní àwọn ìlú mìíràn. Ìlú Ọba: ìdá 11.1 ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, wọ́n sì ń kígbe pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélógójì. Amẹ́ríkà dé 9.1 ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín wọn. Mo wá wo Gánà, 54.1 ní ìparí 2022. Tọ́kì lé ní 85 ní ọdún yẹn. Ajẹntínà parí ọdún 2023 pẹ̀lú 211.4. Ẹ̀rín mi gbẹ. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ni a fẹ́ fi wọn ìyà, àwa kọ́ ni a ṣe ipò kìíní.

Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Leicester, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìgbà òtútù 2022 ó pè mí, ó ní òun wọ kóòtù sùn nítorí owó iná tó ti wọ́n. Mo dá a lóhùn pé, "O ń jẹ ẹyin láràárọ̀, o tún ń ráhùn." Kò pè mí fún oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ èènì yìí wá ń dà mí láàmú, mo pè é, mo tọrọ àforíjì, mo ní kí a jọ ṣírò ẹyin yẹn dáadáa.

Ó di ọdún 2025 kí a tó jókòó ti ìṣirò náà gan-an. Owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jẹ́ 75,000 náírà. Bí ẹni náà bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjìlélógún lóṣù, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí 426 náírà. Ẹyin kan ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ 200. Ó wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wákàtí kó tó rí owó ẹyin kan. Ní ti àbúrò mi, owó wákàtí kan tó kéré jù lọ fún àgbàlagbà ní Ìlú Ọba di pọ́n-ùn 12.21 ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ẹyin méjìlá lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta àti díẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni iṣẹ́ tó fi ń ra ẹyin kan. Kí omi tó hó lórí iná, ó ti rí owó ẹyin tí yóò sè nínú rẹ̀, ó sì kù.

(Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò gbà tó 75,000. Mo kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi ni Bàbá Ìjọba Rere.)

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Àwọn baba wa ti ṣe ìwádìí náà kí NBS tó dé. Nígbà tí NBS wá ṣe tirẹ̀ ní 2019, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ìdílé kan ń ná ní Nàìjíríà, ó lé ní 56 tó ń lọ sí oúnjẹ. Ní Ìlú Ọba, nǹkan bí 11 ni. Ìdí nìyí tí ọ̀wọ́n gógó ìdá 11 tiwọn àti ìdá 40 tiwa kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà. Bí oúnjẹ bá wọ́n lọ́hùn-ún, èèyàn yóò dín aṣọ kù, yóò dín ìrìn àjò kù, yóò wo ibòmíràn dín. Ẹni tí ó ju ìdajì owó rẹ̀ lọ tó jẹ́ oúnjẹ, oúnjẹ náà ni yóò dín.

Mo rò pé mo ti borí nínú àríyànjiyàn náà. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì ṣírò yàrá mi." Owó yàrá àti owó iná ń gbé ju ìdajì owó oṣù rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kìíní oṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ ní báńkì, kò sí ẹni tó lè lọ bá tó lè sọ pé "ẹ ní sùúrù." Mo ronú sí onílé mi ní Ayétòrò. Mo jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́rin ní 2024. Ó bú mi, ó bú bàbá mi tó ti kú, ṣùgbọ́n ó dúró. Àbúrò mi ní kò sí ẹni tí yóò bú òun lọ́hùn-ún. Lẹ́tà ni wọn yóò kọ.

## Èjí ṣokoléètì

Níbi tí kò ti sí èènì, tí kò ti sí ìnájà, báwo ni ọ̀wọ́n ṣe ń wọlé? Àbúrò mi ló sọ fún mi: ọ̀rá ni ó ń gbà wọlé. Iye kò yí padà, ohun inú ọ̀rá ló ń sálọ. Èyí tó lókìkí jù ni ṣokoléètì Toblerone, tí wọ́n ṣe bí eyín òkè. Ní 2016, wọ́n sọ gíráàmù 400 di 360 ní Ìlú Ọba, wọ́n sì sọ 170 di 150. Paálí rẹ̀ gùn bó ṣe ń gùn tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn fa eyín rẹ̀ jìnnà síra wọn. Àwa ní èjí jẹ́ ẹwà. Ẹ̀yin náà ẹ wo èjí yẹn, ẹ sọ fún mi bóyá ó wuyì. Àwọn ará ibẹ̀ bínú gidi, ní 2018 wọ́n dá eyín náà padà.

Ilẹ̀ Faransé ti sọ ọ́ di òfin. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, ilé ìtajà ńlá tó bá ń ta nǹkan tí wọ́n dín ní ìwọ̀n láì dín owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ àkíyèsí mọ́ ọn. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo. Ta ni yóò lẹ àkíyèsí mọ́ búrẹ́dì wa, èyí tí a ń rà ní iye kan náà tí ó sì ń fúyẹ́ lọ́wọ́ lọ́dọọdún? Ta ni yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́ńgò tí wọ́n ti fi òkúta lu ìdí rẹ̀ wọnú?

Ti Japan ló yà mí lẹ́nu jù. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, owó ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan níbẹ̀, owó oṣù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò. Yìnyín aládùn kan wà tí àwọn ọmọdé ń lá, Garigari-kun ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tà á ní yẹ́ẹ̀nì 60. Ní 2016 wọ́n sọ ọ́ di 70. Ilé iṣẹ́ náà ṣe ìpolówó lórí tẹlifíṣọ̀n: àwọn ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wọn tẹríba, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà nítorí yẹ́ẹ̀nì mẹ́wàá.

Mo fi fídíò náà han ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti fi kún owó fọ́tòkọ́pì, ẹ ò dọ̀bálẹ̀ rí." Mo ní kó lọ pa jẹnẹrétọ̀.

## Ọ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrà díẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀kẹ́ kan ni 20,000. Ohun tí a ti gbàgbé ni pé àpò ni ọ̀kẹ́. Àpò owó ẹyọ tó kún fún 20,000 ẹyọ ni, ẹrù tó ń wọ èèyàn lọ́rùn. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò láti Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó ẹyọ láti Zanzibar wá sí etíkun wa, wọ́n kó o wá títí ó fi pọ̀ ju ọjà lọ. Owó ẹyọ wá di yẹpẹrẹ. Àwọn baba wa rí ọ̀wọ́n gógó kí òyìnbó tó fún un lórúkọ, orí ni wọ́n sì fi ru ú.

Lónìí, ọ̀kẹ́ kan náírà jẹ́ ogún ewé ìwé owó ẹlẹ́gbẹ̀rún. Ìwé owó ẹlẹ́gbẹ̀rún yẹn, nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2005, ó ju dọ́là méje lọ. Báyìí kò pé dọ́là kan, òun ló sì tóbi jù tí a ní. Bí ọ̀rọ̀ àpò ṣe tún ń padà bọ̀ nìyẹn: mo rí ọkùnrin kan ní Òkè-Fíà tó fi ọ̀rá dúdú kó owó ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan lọ.

## Wọ́n ní ó ti wálẹ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, rédíò ní ọ̀wọ́n gógó ti wálẹ̀. Ìdá 34.80 ni fún gbogbo ọjà lápapọ̀ ní oṣù kejìlá 2024, ó sì di 24.48 ní oṣù kìíní. Ọmọ iṣẹ́ mi béèrè bóyá owó yíńkì ti já. Mo ní kò já. Ó ní kí ló wá wálẹ̀?

Ìbéèrè gidi ni. Nǹkan méjì ló pa pọ̀. Àkọ́kọ́, NBS yí ọdún tí wọ́n ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò padà, láti 2009 sí 2024, wọ́n sì dín ìpín tí oúnjẹ ń kó nínú rẹ̀ kù, láti bí 52 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí 40. Kò sí jìbìtì nínú ìyẹn, ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́. Èkejì, ohun tí wọ́n ń kà ni bí ọkọ̀ ṣe ń sáré gun òkè tó. Ọkọ̀ tó dín eré kù kò tíì rọ̀ sílẹ̀ padà. Òkè ló ṣì ń gùn.

Àmọ́ gàrí rọ̀ ní tòótọ́. Kí ọdún 2025 tó dé ìdajì, kọ́ńgò kan ti padà sí 900. Mo ń yọ̀, mo pe àna mi tó ń dáko pákí lẹ́yìn Ẹdẹ láti bá a yọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ìgbà tí gbogbo nǹkan wọ́n lòun gba alágbàṣe, lòun ra ajílẹ̀, ìgbà tó rọ̀ lòun wá wú u. "Ọ̀pọ̀ tiyín," ó ní, "ọ̀fọ̀ tèmi." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kí i, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá ní Ọjà Ọba. Kọ́ńgò mẹ́rin, àtẹ́lẹwọ́ lórí ìkọ̀ọ̀kan, kò sí ẹ̀kúnwọ́. Mo fi ẹ̀rín béèrè pé ṣebí gàrí ti rọ̀? Ó ní, "Gbèsè tí mo jẹ nígbà tó wọ́n ni mo ṣì ń san, ọkọ mi." Mi ò yánu mọ́.

Mo pàdé bàbá káfíńtà náà. Ẹnu ọ̀nà ilé epo kan ni, òun ló kọ́kọ́ kí mi. Mo kí i kú àṣẹ̀yìndè, ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti jẹ ẹ́ ní ìkíni yẹn. Mo béèrè bí fídáù ṣe lọ. Ó ní òun fi ẹnu pe gbogbo èèyàn, kò sí káàdì, wọ́n sì wá. "Wọ́n pọ̀ ju ìrẹsì lọ," ó ní, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo tẹ káàdì náà. Òótọ́ ni, mo tẹ ọgọ́ta, mo fi ọ̀rá dì í, ó wà lábẹ́ tábìlì mi títí ọjọ́ kẹjọ fi kọjá. Mi ò sọ ọ́. Ìwé ìpè òde tó ti kọjá, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Èmi àti àbúrò mi ti sọ ọ́ di àṣà báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, oníkálukú yóò fi iye ẹyin ìlú rẹ̀ ránṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi àwòrán páálí ẹyin ránṣẹ́ láti Leicester, òjò dídì wà lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀. Èmi fi tèmi ránṣẹ́: ẹyọ kan ti di 220, obìnrin tó ń tà á sì ti kọ ọ́ sára paálí pé "ẸYIN FÍFỌ́ NÁÀ WÀ." Ó kọ ọ́ sí mi pé, "Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀gbọ́n mi." Mo dá a lóhùn pé, "O kú òtútù."